Pátákó Tí Mo Kọ fún Sjur

14 Oṣù Kẹta, 1988

Òjò dídì ti kúrò lórí pápá ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n orí òkè ṣì funfun. Mo ka àwọn abo àgùntàn lónìí. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì lóyún àfi méjì. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Mo ti sọ fún Sjur ọmọ mi pé lọ́dún yìí, inú ilé kékeré mi ni mo máa jókòó sí, kí n máa hun ìbọ̀sẹ̀, torí òun ló ni oko báyìí, èmi ti fẹ̀yìn tì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Àná ló ti ìlú ńlá Bergen dé pẹ̀lú oògùn tuntun fún ìfun rẹ̀. Ọdún méjì rèé tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kò sì sí oògùn tó tíì mú un. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ní èyí máa pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ṣiṣẹ́, ara á balẹ̀. Hóró méjì láràárọ̀, òní ló bẹ̀rẹ̀. Solfrid ìyàwó rẹ̀ ní òun á máa kó o sínú ife ẹyin, òun á máa gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ògì, Sjur kò sì gbọdọ̀ dìde nídìí tábìlì bí kò bá tíì gbé e mì. Èmi àti àwọn méjèèjì nìkan la mọ̀ nípa àìsàn yìí. Àwọn ará abúlé rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún tó fi ń lọ sí Bergen. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

27 Oṣù Kẹta, Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ

Omi dídì wà lórí àtẹ̀gùn ilé àdúrà, kò sì sẹ́ni tó rántí da iyọ̀ sí i. Bí a ṣe ń jáde ni Arnfinn yọ̀ ṣubú, egungun ìtàn rẹ̀ sì kán. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń ṣe alàgbà wa, òun ló ń ka Bíbélì fún wa lọ́jọọjọ́ Àìkú. Kò pariwo. Ó kàn ní kí wọ́n bá òun mú fìlà òun tó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé e wọ fẹ́rì, ọkọ̀ tó ń gbé wa sọdá omi, lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú, Borghild ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Sjur ni wọ́n ní kó kàwé dípò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ dára, ó kàn rọ̀ jù ni. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn nínú yàrá kejì. Inú mi dùn gan-an, mi ò sì fi pamọ́.

2 Oṣù Kẹrin

Sjur jẹun yó. Ẹ̀jẹ̀ ti dínkù. Ó gbé àpò oúnjẹ ẹran méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni òun máa gbé tẹ̀ lé e.

8 Oṣù Kẹrin

Orí garawa nínú ilé ẹran ni mo ti ń kọ èyí, ẹni tó bá máa kà á kó má wo bí mo ṣe kọ ọ́.

Sjur ń tún ọgbà tó yí pápá ká ṣe láàárọ̀. Solfrid rí i láti ojú fèrèsé pé ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá òpó, ó rò pé ìṣó ló ń wá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ìrora ti mú un lókè ìdodo, ó sì gún un já ẹ̀yìn. Ó bì títí ó fi ku omi ofeefee nìkan. Kò lè dùbúlẹ̀, kò lè dúró, àyàfi kó tẹ̀ síwájú kó gbá ikùn mú. Mo ti tọ́jú ẹran, mo ti tọ́jú ọkọ tí àìsàn pa, mi ò rí irú ìrora yìí rí. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn bá fẹ́rì aago kan kọjá. Solfrid bá a lọ, èmi dúró ti ẹran.

10 Oṣù Kẹrin

Mo lọ wò ó. Ó wà láàyè, ó mọ̀ mí, ó bi mí bóyá mo ti ti ẹnu ọ̀nà pápá òkè.

Tí a bá ń pa àgùntàn, ẹran rírọ̀ kan wà tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, ajá la máa ń jù ú fún. Irú rẹ̀ tó wà nínú Sjur ló wú. Ọ̀gá dókítà, Brekke, ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni omi tó ń lọ oúnjẹ ti ń wá, pé omi náà ti yíjú padà, ó sì ń jẹ ẹran tó ń ṣe é. Sjur kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, omi ni wọ́n ń fà sí i lára. Àwọn kan ń kú nínú rẹ̀, Brekke sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láìfi bò. Mo fẹ́ràn ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ bò.

Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni mi ò fẹ́ràn. Ó ní ohun méjì ló sábà máa ń fà á, òkúta inú òróòro tàbí ọtí. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, kò sí òkúta. Ó wá ń wò mí, ó ń retí kí n fúnra mi parí rẹ̀. Mo ní ọtí kò tíì kọjá ìloro wa láti ayé bàbá ọkọ mi, pé kódà omi èso àjàrà la fi ń jẹ oúnjẹ Olúwa nílé àdúrà wa. Ó ní òun ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìyá.

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sjur ni Arnfinn, aṣọ títa lásán ló là wọ́n láàárín. Ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti ń ṣọyún, wọn ò mọ ìgbà tó máa lọlé. Mo kí i, ó kí mi. Ó yára gbé ojú kúrò.

13 Oṣù Kẹrin

Mo lọ ra kọfí ní ṣọ́ọ̀bù abúlé, ó ti tún gbówó lórí. Borghild, tó ti padà sílé, bá mi nídìí rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá Sjur, gbogbo wa là ń gbàdúrà kí Olúwa tú u sílẹ̀."

Mo ní, "Kó tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ kí ni?"

Ó ní lọ́wọ́ ọtí, ó sì sọ bó ṣe jẹ́. Arnfinn ti gbọ́ ìbéèrè tí Brekke ń bi ọmọ mi nínú yàrá yẹn, iye ìgbà tó ń mu, irú èyí tó ń mu, ibi tó ń mu ún sí. Ó ti kọ ọ́ sí Borghild, Borghild sì ti gbé e dé ilé àdúrà. Wọ́n ti ní kí ẹlòmíràn máa kàwé lọ́jọ́ Àìkú. Mo sọ fún un pé kó gbàdúrà fún ahọ́n rẹ̀ kó tó kan ti ọmọ mi. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Mi ò tíì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo máa kọ èyí pẹ̀lú, torí ìwé mi ni. Nígbà tí mo délé, mo gun òkè àjà ilé ẹran. Mo wo ẹ̀yìn koríko gbígbẹ, mo wo inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo wo inú bàtà òjò rẹ̀ àtijọ́. Mo ń wá ìgò. Sípírítì tí a fi ń fọ ọwọ́ nígbà ìbímọ àgùntàn nìkan ni mo rí, ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí. Mo jókòó sórí koríko, ojú tì mí gidigidi. Odindi èmi tí mo bí i.

17 Oṣù Kẹrin

Sjur dé! Ó ti gbẹ, ṣòkòtò rẹ̀ ń bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀ nínú fẹ́rì. Ó jẹ ọ̀dùnkún bíbọ̀ méjì àti ẹja díẹ̀. Wọ́n ní kó má fi ẹnu kan ọtí mọ́. Ó sọ èyí fún wa, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

19 Oṣù Kẹrin

Àgùntàn àkọ́kọ́ bímọ láago márùn-ún àárọ̀, ìbejì, wọ́n dìde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sjur jókòó sórí garawa, ó ń wò wọ́n. Oòrùn yọ.

Nídìí ògì, Solfrid bi mí bóyá kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn ìfun, torí wọn ò fún un nílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń padà. Kò dá a lójú. Èmi ni mo ní kó fún un. Mo ní, "Ṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni oògùn ti ń ṣiṣẹ́ ni?" Ó kó hóró méjì sínú ife, Sjur gbé e mì.

20 Oṣù Kẹrin

Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná ni ìrora náà tún dé. Ibì kan náà, ó tún gún un já ẹ̀yìn. Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kó tó dé inú fẹ́rì, ètè rẹ̀ ti dúdú.

22 Oṣù Kẹrin

Ibà ń ṣe é, kò mọ ọjọ́ tí a wà. Solfrid ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé pẹ̀lú ojú wíwú. Brekke pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ọkùnrin tó bá délé lọ́jọ́ Àìkú tó sì padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ibi tó ń tọ́jú ìgò sí, pé kí ìyàwó ràn án lọ́wọ́ nípa sísọ ibẹ̀. Solfrid ní òun kàn mú báàgì òun, òun jáde. Ó bi mí pé, "Màmá, àbí ó ń mu ún lóòótọ́?" Mo ní rárá. Mo sọ fún un pé mo ti wá a, mi ò rí i. Ó wò mí, ó ní òun náà ti wá a. A jọ rẹ́rìn-ín, a jọ sunkún.

Iṣẹ́ kò dúró dè wá. Àgùntàn tí nọ́ńbà etí rẹ̀ jẹ́ 52 bí mẹ́ta, ibi ọmọ kò jáde tán. Dókítà ẹran wá lọ́sàn-án, ó gún un lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tó lọ, mo mú ẹfun, mo kọ ọ́ sórí pátákó rẹ̀ bí a ti ń ṣe: ọjọ́, wákàtí, orúkọ oògùn, bó ti pọ̀ tó. Bàbá Sjur ló fi èyí lélẹ̀ lẹ́yìn ọdún tí àgùntàn wa mọ́kànlá kú. A ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní koríko oníkíkan, èyí tí a dì pamọ́ ní tútù kó lè kan, nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, torí náà ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé òun ni. Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá gba ọ̀fun ẹran kọjá, ó gbọ́dọ̀ wà lórí pátákó, ohun tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé la kọ́kọ́ ń fura sí.

Mo dúró pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Àgùntàn mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló ní pátákó nínú ilé yìí. Ọmọ mi kò ní.

Mo já pátákó òfo kan lára ògiri, mo pe Solfrid, mo ní kó jókòó kó máa rántí. Ohun tí a kọ nìyí.

14/3: oògùn tuntun, hóró méjì láràárọ̀.
8/4: ìrora. Ilé ìwòsàn. Oògùn dúró.
17/4: ara yá, ó délé.
19/4, aago méje àárọ̀: oògùn, hóró méjì.
19/4, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: ìrora.

Solfrid kà á tán, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo bi í bóyá àwọn ará ilé ìwòsàn mọ̀ nípa hóró yìí. Ó ní Sjur á ti sọ fún wọn, ta ni kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

23 Oṣù Kẹrin

Fẹ́rì àkọ́kọ́ ni mo wọ̀, pátákó lábẹ́ apá, ìgò oògùn nínú báàgì. Ìjì ń jà, omi ń ta sójú fèrèsé. Ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bi mí bóyá mo fẹ́ lọ ta àgùntàn ni. Mo ní ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ rà padà.

Brekke ti lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Obìnrin dókítà kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, Tveiten lorúkọ rẹ̀, ó kéré tó fi lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Mo gbé pátákó lé orí ìwé tó ń kọ. Ó kà á láti òkè. Òkè pátákó náà ní ààyè tí a ti kùn fún nọ́ńbà etí àti iye ọmọ tí ẹran bí, ó sì bi mí pé, "Màmá, kí ni nọ́ńbà etí rẹ̀?" Mo ní kò ní. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ka ìlà márùn-ún náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tún un kà.

Ó ní, "Oògùn wo nìyí? Ìwé wa sọ pé kò mu oògùn kankan."

Mo yọ ìgò náà fún un. Ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, asatioprin, ó sì dìde. Ó ní kí n dúró, mo ní mi ò dúró, mo tẹ̀ lé e.

Ibà Sjur ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Tveiten bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, ó bi í ìdí tó fi ní òun kì í mu oògùn. Ó yíjú sí mi. Kì í ṣe dókítà ló dá lóhùn, èmi ni. Ó ní, "Màmá, Bàbá Arnfinn wà níbẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n bi í lójú alàgbà wa bóyá ó ń mu oògùn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á bi í pé fún kí ni, á sì di dandan kó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí òun. Nítorí náà ó ní rárá. Ó rò pé bí òun bá ti pa èyí mọ́, ó parí. Kò mọ̀ pé wọ́n á fi ọtí dí ojú ààyè tí òun fi sílẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo ti ń pa òwe yìí fún un láti ìgbà tó ti wà ní ilé ìwé. Mo fẹ́ gbá a létí. Mo fi ẹnu kò ó níwájú orí.

25 Oṣù Kẹrin

Tveiten pè wá lórí fóònù. Ó ti bá apòògùn sọ̀rọ̀, ó sì ti wá inú ìwé. Ohun tí ó mọ̀ rèé: oògùn yìí ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú àwọn díẹ̀ báyìí, láàárín oṣù àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe pé wọ́n mu ún jù, ara wọn ni kò gbà á. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dáwọ́ dúró, ara á yá. Bó bá tún mu ún, kì í pẹ́ kí ìrora tó padà, ó lè jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Ó ní, "Ìlà méjì tó gbẹ̀yìn lórí pátákó yín, Màmá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dán irú ẹ̀ wò lára èèyàn. Ẹ̀yin ti ṣe é láìmọ̀."

Mo ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n fún un."

Ó ní àwọn ni ó yẹ kí wọ́n ti béèrè dáadáa kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn nídìí ògì.

Brekke kò gbà. Ó ní ó lè ṣèèṣì bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Tveiten ti kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀.

28 Oṣù Kẹrin

Ọmọ àgùntàn mẹ́tàlélógójì títí di òní, ẹyọ kan ṣoṣo ló kú. Òjò. Ibà Sjur ti lọ pátápátá, ó mu omi ọbẹ̀, ó sì dúró sí i nínú.

Solfrid kì í jẹun. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú nínú ilé ẹran, tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, ajá ló ń jẹ ẹ́. Lónìí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì. Ó ní ọwọ́ òun ni òun fi fún un. Mo ní ẹnu mi ni mo fi pàṣẹ, èmi sì ni àgbà, nítorí náà tí a bá máa pín ẹ̀bi, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú tèmi, á rí i pé èyí tó kù fún òun kò pọ̀. Mo ní ọwọ́ yẹn kan náà ló ń fa ọmọ àgùntàn jáde láàyè láti àárọ̀. Ó jẹ búrẹ́dì mẹ́ta. Mo jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

30 Oṣù Kẹrin

Tveiten ti lọ fún ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ Sjur jáde gan-an.

2 Oṣù Karùn-ún

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mo wà níbẹ̀, mò ń hun ìbọ̀sẹ̀ lórí àga lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, Arnfinn sì wà lẹ́yìn aṣọ títa bí ti tẹ́lẹ̀.

Brekke wọlé pẹ̀lú nọ́ọ̀sì méjì. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ torí Tveiten ti sọ fún un pé ojú Arnfinn ni Sjur ń sá fún. Ó ní ìfun kò dára, wọn ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti ka ohun tí Tveiten kọ, ṣùgbọ́n òun ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣe kòńgẹ́ ara wọn láyé òun, oògùn tó dára kò sì pọ̀ tí a ó fi máa jù ú nù nítorí pátákó àgùntàn. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ asatioprin padà lọ́la, ìdajì.

Mo ti ń dìde. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, kò sì sí èyí tó dùn nínú wọn. Sjur gbé ọwọ́ sókè pé kí n jókòó.

Ó ní, "Dókítà, ẹ má rẹ ohùn sílẹ̀ mọ́." Òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sókè, èmi tí mo bí i, mi ò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì yòókù yíjú. "Àìsàn ìfun ló ń ṣe mí. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi jáde láti ọdún méjì. Mo ń mu oògùn fún un, ẹ sì bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo parọ́ fún yín torí ojú ń tì mí. Ọtí kò kan ẹnu mi rí. Oògùn yẹn ti fẹ́ pa mí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní mu ìdajì ẹ̀, mi ò ní mu ìdámẹ́rin ẹ̀. Ẹ wá nǹkan míì fún ìfun mi, màá mu ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ síbi tí gbogbo dókítà á ti rí i pé ara mi kò gba èyí. Ẹ kọ ọ́ níṣojú mi."

Brekke wo aṣọ títa náà. Mo rò pé ó máa bínú. Ó ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó bi í pé, "O parọ́ fún mi nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ yìí?"

Sjur ní bẹ́ẹ̀ ni.

Brekke ní, "Ó yẹ kí n ti bi ọ́ níbi tí ẹlòmíràn ò ti ní gbọ́. Mo sì bi ọ́ nípa ọtí sókè bí ẹni ń dájọ́." Ó ní kí nọ́ọ̀sì fún òun ní bírò pupa. Ó kọ ọ́ sí iwájú ìwé Sjur, ó sì yí i padà kó lè kà á. Mo kà á pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ó ní òun máa pe Bergen lọ́sàn-án fún oògùn míì.

Wọ́n jáde. Mo ń wá abẹ́rẹ́ ìhunṣọ mi tó já bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ títa náà mì, ọwọ́ Arnfinn fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn, gbogbo ìgbéraga ti lọ lára rẹ̀.

Ó ní, "Sjur, èmi ni mo kọ ọ́ sílé pé o ń mutí."

Sjur ní, "Mo mọ̀, Bàbá."

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi ọ́. Mi ò dúró gbọ́ èsì." Ó yíjú sí mi. "Ìyá Sjur, ọwọ́ mi ò dúró mọ́. Ẹ bá mi mú bébà, kí ẹ bá mi kọ lẹ́tà tí Borghild máa kà sí wọn létí lọ́jọ́ Àìkú. Kí wọ́n kà á nílé àdúrà, láti orí pẹpẹ, kó má jẹ́ nídìí kọfí."

Mo ya ewé kan níhìn-ín, nínú ìwé yìí gan-an, mo sì kọ ohun tó pè. Ó ní òun, Arnfinn, ti jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì òun. Ó ní Sjur kò mutí rí. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó sọ ohun tó ń ṣe Sjur, ó dánu dúró, ó wò ó, ó sì ní kí n kọ ọ́ pé àìsàn inú kan ni, kò yẹ kí wọ́n mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti kọ "àìsàn inú" tán kí Sjur tó na ọwọ́, ó sì di bébà náà mú.

Ó ní, "Rárá, Màmá. Ẹ fagi lé ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ pé ìfun ni, àti pé ẹ̀jẹ̀ ń tibẹ̀ jáde. Ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tó ní irú ẹ̀, tó ń sọ fún dókítà pé òun ò mu nǹkan kan."

Mo fagi lé e. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, kí Borghild má baà ní ojú òun kò ríran tó láti kà á.